Bí Wọ́n Bá Fi Ẹ̀sùn Ìbálòpọ̀ Kan Ará Ilé Yín

Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní àkókò òjò, kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, ni n ó sọ lóṣù yìí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan dé sí mi lọ́wọ́ láti Mende, ní ẹ̀bá Maryland níhìn-ín ní Èkó, ó sì mú kí n ti ọ̀rọ̀ èlùbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò ní dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ojúlé tí ó ti wá.

Ọmọ méjì ni obìnrin náà bí. Àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 19 tí ń kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwọn ọlọ́pàá wá mú un lọ, nítorí pé ìyá kan tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ti lọ fẹjọ́ sùn pé ó ba ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 8, jẹ́. Ìyá ọkọ ti Ìjẹ̀bú dé, ó ní kí gbogbo ilé lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọmọ náà kí ọ̀rọ̀ má baà dé ilé-ẹjọ́. Ọkọ ní òun kò ní ná kọ́bọ̀ lórí agbẹjọ́rò fún ẹni tí ó ba orúkọ ìdílé jẹ́. Obìnrin náà wá bi mí pé: bí òun bá wá agbẹjọ́rò fún ọmọkùnrin yìí, ṣé òun kò ti di ọ̀tá ọmọ aládùúgbò òun? Ó sì fi gbólóhùn kan parí lẹ́tà rẹ̀ tí kò tí ì kúrò lọ́kàn mi: òun náà ní ọmọbìnrin ọdún 5, yàrá kan náà sì ni ọmọ náà àti àbúrò ọkọ òun jọ ń sùn.

Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn, ilé ni wọ́n ń wọ̀, ìyàwó ilé ni ó sì sábà máa ń ṣí i fún wọn. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ yìí bá ojú ìwé yìí mu. Ìdáhùn mi sí arábìnrin wa kò le: kí ó wá agbẹjọ́rò fún ọmọkùnrin náà, kí ó sì wá a lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 5 náà kúrò nílẹ̀, nítorí òun ni kò ṣe é fi dúró. Kí ìyá rẹ̀ mú un sún mọ́ra ní ìgbà tí ilé bá dákẹ́, kí ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ó má ṣe bi í pé, “Ṣé Bùọ̀dá fọwọ́ kàn ọ́ níbí?” nítorí ọmọ kékeré a máa dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ohun tí ó bá rí pé àgbà ń retí, a sì tún máa dáhùn “rárá” bí ẹ̀rù bá bà á. Kí ó bi í pé, “Kí ni ẹ̀yin méjèèjì máa ń ṣe bí mo bá lọ sí ọjà?” Lẹ́yìn náà kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó gbọ́. Bí ọmọ náà bá sọ ohun tí ó ń dani láàmú, tàbí bí ìyá rẹ̀ bá rí àmì kan ní ara rẹ̀, kí ó má wẹ̀ ẹ́, kí ó má fọ aṣọ rẹ̀, kí ó gbé e lọ sí Mirabel Centre, tí ó wà nínú ilé ìwòsàn ńlá LASUTH ní Ìkẹjà. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí níbẹ̀, wọn kì í sì í gba owó. Bí ọmọ náà kò bá sì sọ nǹkan kan, a ti ṣe ojúṣe wa. Kí a má ṣe máa bi í lójoojúmọ́ títí ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ yóò fi wọ̀ ọ́ lórí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n fi kan ọmọkùnrin náà. Òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ ní abala 137 pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bá ọmọdé lòpọ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọmọdé nínú òfin yìí ni ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Ẹni tí ó bá ní ọmọ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí pé olólùfẹ́ ni àwọn, ń fi ẹnu ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, nítorí òfin kò ka gbígbà ọmọdé sí gbígbà rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọkùnrin ọdún 18 tàbí 19 tí ń bá ọmọbìnrin ọdún 16 rìn, mo bẹ̀ yín, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ìfipábánilòpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é sí, ẹ̀wọ̀n gbére náà ni òfin fi dẹ́rù ba ẹni tí ó ṣe é.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ìjọba àpapọ̀ ni ó ni irú ẹjọ́ báyìí. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Òfin VAPP tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, Abuja ni ó ti ń ṣiṣẹ́ tààrà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń ṣe tirẹ̀. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kó ènìyàn lọ ṣe aṣẹ́wó, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ àjọ NAPTIP, àti ọ̀rọ̀ àwòrán ìhòòhò ọmọdé lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Èmi yóò padà sórí ọ̀rọ̀ fóònù yìí, nítorí pé ó kan ẹ̀yin gan-an tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun kan náà ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ní abala 36: a gbọ́dọ̀ ka ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn sí aláìlẹ́bi títí ẹ̀bi yóò fi hàn lára rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fún un ní àyè àti ohun tí ó tó láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò tí ó wù ú, ó ní ẹ̀tọ́ láti bi àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, bí kò bá sì gbọ́ èdè tí ilé-ẹjọ́ ń sọ, kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ibi kankan nínú abala náà tí a ti kọ ọ́ pé “àfi ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ bá ń rí wa lára.” Bí ìwà tí wọ́n fi kàn án bá ṣe burú tó ni ìyà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, bí ìyà bá sì ṣe ń pọ̀ tó ni ó ṣe yẹ kí ojú wá là tó kí a tó fi í jẹ ẹnikẹ́ni. Èyí kì í ṣe ìkórìíra sí ọmọ aládùúgbò. Bí ọmọkùnrin náà bá jẹ̀bi, ẹjọ́ tí a gbọ́ dáadáa ni kò ní wó lulẹ̀ níwájú ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún mélòó kan sí i. Bí kò bá jẹ̀bi, ẹni tí ó ṣe é gan-an ṣì ń rìn kiri nínú ọgbà yẹn.

Ibi tí ẹjọ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ fún ẹni tí wọ́n mú ni àgọ́ ọlọ́pàá, ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹyin ni. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Wọn yóò fún un ní bébà pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó sọ ọ́ kí ọlọ́pàá bá a kọ ọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún 19 tí ebi ń pa, tí wọ́n sì ti gbá létí, yóò fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún un pé yóò gbé e dé ilé. Ṣùgbọ́n abala 35 ìwé òfin kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́, kí ó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn sọ̀rọ̀. Ẹ kíyè sí i: “ẹlòmíràn tí ó bá yàn.” Ẹ̀yin ìyàwó ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ẹni náà. Kí wọ́n kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24 ní èdè tí ó gbọ́. Kí wọ́n sì gbé e dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Láti Mende, ilé-ẹjọ́ májísíréètì Ògùdù kò tó kìlómítà 10.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Èkó tún fi kún un, ní abala 9, pé bí ẹnikẹ́ni bá ń jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n ká a sórí fídíò, tàbí kí agbẹjọ́rò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi ń sọ pé ìmọ̀ràn lásán ni èyí. Ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ Friday Charles àti Ìpínlẹ̀ Èkó, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé dandan ni: ìjẹ́wọ́ tí kò bá ní fídíò, tí agbẹjọ́rò kò sì sí níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Nítorí náà, bí arábìnrin wa bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó má pariwo, kí ó má ṣépè, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún ọmọkùnrin náà ní etí wọn pé kí ó má kọ nǹkan kan títí agbẹjọ́rò yóò fi dé.

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí kò jẹ̀bi kò lè jẹ́wọ́. Ní ọdún 1989, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọmọkùnrin 5 lórí obìnrin kan tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ nínú ọgbà Central Park. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 16. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí ìbéèrè, wọ́n ka ohun tí wọn kò ṣe sí ara wọn lọ́rùn, wọ́n sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 2002 ni ọkùnrin mìíràn jẹ́wọ́, tí àyẹ̀wò DNA sì fi hàn pé òun ni, ilé-ẹjọ́ sì wọ́gi lé ẹ̀bi àwọn ọmọ náà. Obìnrin tí wọ́n ṣe ní jàǹbá náà kò jèrè nǹkan kan nínú ọdún wọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìmọ̀ràn Ìyá, pé kí gbogbo ilé lọ kúnlẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pẹ̀tù sí ìjà ní ilé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ìjà orí ẹ̀rọ omi. Èkíní, ẹ̀bẹ̀ a máa di ẹ̀rí: ìyá ọmọ náà yóò dúró níwájú adájọ́, yóò sọ pé, “Gbogbo ìdílé rẹ̀ ni ó wá bẹ̀ mí,” ta ni yóò sì wá gbà pé ẹni tí kò ṣe nǹkan ni ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún? Èkejì, láti fún wọn ní owó tàbí láti dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n má baà jẹ́rìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lábẹ́ òfin, ẹ̀yin tí ẹ gbé owó náà lọ ni ẹ ó sì fi ara yín wé ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ń dùn mí jù, bí nǹkan bá ṣe ọmọ ọdún 8 yẹn lóòótọ́, kò yẹ kí ó máa wo àwọn àgbà tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn pé kí ó gbàgbé. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má lọ bá wọn. Kí ẹ kí wọn bí ẹ bá pàdé lẹ́nu ìloro, kí ẹ kọjá. Ọ̀rọ̀ yòókù di ti agbẹjọ́rò.

Ohun tí ìyàwó ilé lè ṣe nínú ilé pọ̀, iṣẹ́ tí ó sì mọ̀ dáadáa ni. Kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, irú èyí tí a fi ń ṣírò owó oúnjẹ, kí ó jókòó nígbà tí nǹkan ṣì tutù lórí, kí ó kọ gbogbo ohun tí ó rántí nípa ọjọ́ tí wọ́n sọ pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀: ìgbà tí ọmọkùnrin náà jáde, ìgbà tí ó wọlé, ẹni tí ó wá sí ilé, iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rán an, bóyá iná wà tàbí kò sí, ẹni tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ. Kí ó kọ èyí tí kò gbè é náà sílẹ̀. Bí ọmọkùnrin náà bá wà ní ibòmíràn ní wákàtí yẹn, agbẹjọ́rò rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá ní kíákíá, pẹ̀lú orúkọ ibẹ̀ àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà, kí wọ́n lè lọ wádìí rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kí ó tó sọ ọ́, ilé-ẹjọ́ yóò kà á sí ìtàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun.

Kí ó má fọ aṣọ ọmọkùnrin náà. Kí ó má gbá yàrá rẹ̀, kí ó má sì pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ obìnrin máa ń yún láti tún ilé ṣe nígbà ìdààmú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pa ẹ̀rí run ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé nínú fóònù yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà pé Ikòròdú ni ọmọkùnrin náà wà.

Ní ti fóònù tiyín, mo bẹ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ yìí má dé orí WhatsApp ìdílé tàbí ti àdúgbò. Orúkọ ọmọ náà àti àwòrán rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde láti ọwọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi àwòrán tàbí fídíò ìhòòhò ọmọdé ránṣẹ́ sí yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti fi ṣe ìkìlọ̀, ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Abala 23 òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, ti ọdún 2015, fi ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 10 sí ọrùn ẹni tí ó bá ń pín irú rẹ̀ kiri. Ẹ pe ọlọ́pàá sí i.

Ọkọ arábìnrin wa ní òun kò ní náwó. Bí owó ni, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń ná an. Láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ Legal Aid Council sílẹ̀ láti máa gba ẹjọ́ àwọn aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́, òfin tí ó ń darí rẹ̀ láti ọdún 2011 sì dárúkọ ìfipábánilòpọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀sùn tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ni wọ́n dìídì wà fún, ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò sì tí ì máa san owó fún wà nínú wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ọ́fíìsì tí ń jẹ́ Office of the Public Defender, tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba agbẹjọ́rò tí ẹ ó san owó fún, ẹ bi í bóyá ó ti gba ẹjọ́ irú èyí rò ní ilé-ẹjọ́ gíga rí, kí ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo owó tí ẹ bá san. Agbẹjọ́rò tí ó bá sọ fún yín pé òun “mọ” adájọ́, ẹ dìde níwájú rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Kí ọmọkùnrin náà sọ òtítọ́ gbogbo fún agbẹjọ́rò rẹ̀. Òfin kò gbà kí agbẹjọ́rò tú àṣírí ẹni tí ó gbà á, kò sì gbà kí òun fúnra rẹ̀ parọ́ níwájú ilé-ẹjọ́. Bí ọmọkùnrin náà bá jẹ́wọ́ fún un pé òun ṣe é, iṣẹ́ agbẹjọ́rò kò tí ì tán: ó lè bá ìjọba ṣe àdéhùn, nítorí òfin Èkó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá gba ẹ̀bi rẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún ìyà tí ó dínkù, kí ọmọ náà má tilẹ̀ wá sí ilé-ẹjọ́ wá sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mọ̀ pé èyí nira láti kà.

Bí ó bá ní òun kò ṣe é, ohun mẹ́ta ni ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn láìsí iyèméjì tí ó nídìí: pé ọmọdé ni ọmọ náà, pé wọ́n bá a lòpọ̀ ní tòótọ́, àti pé ọmọkùnrin yìí ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Orí ẹ̀kẹta ni ẹjọ́ púpọ̀ ti ń dúró. Ìwé dókítà lè sọ pé nǹkan ṣe ọmọ náà, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ẹni tí ó ṣe é. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ láìbúra bí ó bá lóye tó, ṣùgbọ́n a kò lè torí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan dá ènìyàn lẹ́bi. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ẹ má ṣe rò pé òfin ń pe ọmọdé ní òpùrọ́. Ohun tí mo sọ ṣáájú nípa bí àgbà ṣe ń fi ìbéèrè kó ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu ni òfin ń ṣọ́ra fún. Agbẹjọ́rò rere yóò bi ọmọ náà ní ìbéèrè láìjágbe mọ́ ọn, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ gbà á sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fẹ́ ẹ.

Ẹjọ́ méjì tí gbogbo Èkó gbọ́ lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Wọ́n mú òṣèré tí a mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀ṣà, Ọlánrewájú James, ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Ẹ̀sùn 6 ni wọ́n fi kàn án. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ní Ìkẹjà dá a láre nínú 2, ó dá a lẹ́bi nínú 4, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Àwọn tí ń sọ pé agbẹjọ́rò kò wúlò fún ẹni tí fídíò wà lórí ẹjọ́ rẹ̀ gbàgbé pé àwọn ẹ̀sùn 2 tí ó jábọ́ yẹn wà lára èyí tí ó le jù. Èkejì ni ti Dókítà Fẹ́mi Ọláléye, tí ilé-ẹjọ́ gíga Ìkẹjà rán lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 lórí ẹ̀sùn pé ó bá ọmọdé lòpọ̀. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àwọn adájọ́ ibẹ̀ yẹ ẹ̀rí náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní kò tó, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Inú àwọn kan bàjẹ́ sí èyí, inú àwọn mìíràn dùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹni tí kò bá ní agbẹjọ́rò tí yóò kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní rí ohun tí yóò gbé dé kòtẹ́milọ́rùn. Ọjọ́ 90 péré sì ni òfin fún ni láti ọjọ́ ìdájọ́ láti fi pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ béèlì. Májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ tí ó ní ẹ̀wọ̀n gbére nínú. Wọn yóò gbé ọmọkùnrin náà dé iwájú rẹ̀, yóò ní kí wọ́n fi í pamọ́ sí Kirikiri tàbí Ìkòyí, kí wọ́n sì fi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́ sí olùdarí ẹ̀ka ìpẹ̀jọ́ ìjọba fún ìmọ̀ràn. Bí ìmọ̀ràn náà bá sọ pé kò sí ẹjọ́, wọn yóò dá a sílẹ̀. Bí ó bá sọ pé ẹjọ́ wà, ó di ilé-ẹjọ́ gíga tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí ní Ìkẹjà, ní òpópónà Ọba Akínjọbí, títì kan náà tí LASUTH wà. Àkókò yìí a máa pẹ́. Agbẹjọ́rò tí kò sùn ni yóò máa béèrè ìwé ìmọ̀ràn náà, òun náà ni yóò sì kọ̀wé béèrè béèlì níwájú adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún arábìnrin wa pé obìnrin kò lè ṣe onídùúró, irọ́ ni. Òfin Èkó sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Òfin kan náà kò sì gbà kí ọlọ́pàá mú òun tàbí ọkọ rẹ̀ dípò ẹni tí wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ọmọkùnrin náà ní béèlì, kí ó má padà sí ilé yẹn ní Mende. Mo ń sọ èyí fún ire rẹ̀ àti fún ire àwọn ọmọ méjèèjì. Ọmọ ọdún 8 náà kò gbọdọ̀ máa pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀, nítorí ẹ̀sùn pé ó ń dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí lè gba béèlì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 5 inú ilé náà kò gbọdọ̀ bá a sun yàrá kan mọ́, bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, èyí tí ó yẹ kí ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí Ìyá mú un lọ sí Ìjẹ̀bú bí ilé-ẹjọ́ bá fàyè gbà á, tàbí kí ó lọ máa gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n kọ àdírẹ́sì ibẹ̀ fún agbẹjọ́rò, kí ẹnìkan nínú ilé sì máa rí i pé ó dé ilé-ẹjọ́ kí aago 9 òwúrọ̀ tó lù ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá.